Bọ́mọ yín ṣe lè bọ́ nínú kíláàsì tí wọ́n ní dandan ni ní grade 9, pàápàá ní Texas

Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín máa wọ grade 9 lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Bọ́mọ bá ti ń parí grade 8, ilé ìwé á fún un ní fọ́ọ̀mù tó máa fi mú àwọn kíláàsì tó fẹ́ ṣe ní high school, ọmọ á gbé e wálé lálẹ́, á ní "Mummy, ẹ bá mi sign ẹ̀, ọ̀la ni wọ́n ń gbà á," ẹ̀yin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti rẹ̀ yín, ẹ mú bírò, ẹ sign, ó parí nìyẹn. Àwọn kíláàsì tí wọ́n kọ "required" sí nínú fọ́ọ̀mù yẹn, ọ̀pọ̀ wa ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀, pé ìjọba ti sọ̀rọ̀, ta ló fẹ́ yí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Kírẹ́dítì, ìyẹn ẹ̀rí pé ọmọ ti yege nínú iṣẹ́ (subject) kan, ni ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ kó tó lè jáde, ọ̀nà tó sì lè gbà rí kírẹ́dítì yẹn ju kó jókòó sí kíláàsì láti August dé May lọ. Àmọ́ gbogbo ọ̀nà yẹn ló ní ọjọ́ tó máa ń dí, tí ilé ìwé bá fi wọlé tán tẹ́ ẹ ò tíì béèrè, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ti bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Texas ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù torí òfin tibẹ̀ ni mo mọ̀ dáadáa, àwa Yorùbá náà sì pọ̀ ní Houston, Katy, Richmond, Dallas lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìpínlẹ̀ míì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nọ́ńbà ló máa ń yàtọ̀, màá sì máa mẹ́nu ba ìpínlẹ̀ míì bá a ṣe ń lọ.

Ìkíní: ẹ wádìí ẹni tó sọ pé dandan ni

Ẹni mẹ́ta ló lè kọ "required" sórí kíláàsì: ìpínlẹ̀, district (ọ́fíìsì tó ń darí àwọn ilé ìwé ìjọba ládùúgbò), tàbí ilé ìwé fúnra ẹ̀. Ó ṣe pàtàkì kẹ́ ẹ mọ èwo nínú wọn torí ẹni tó gbé òfin kalẹ̀ nìkan ló lè gbé e kúrò.

Ní Texas, òfin HB 5 tí wọ́n ṣe lọ́dún 2013 ló gbé ètò tí wọ́n ń lò báyìí kalẹ̀. Kírẹ́dítì 22 lọmọ gbọ́dọ̀ ní, tó bá fi endorsement (ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan tó yàn láàyò) kún un, ó di 26. Nínú 22 yẹn, English kó 4, math 3, science 3, social studies 3, èdè míì tó yàtọ̀ sí English 2, PE (eré ìdárayá) 1, fine arts (bí orin tàbí àwòrán) 1, márùn-ún tó kù, ọmọ lè mú ohun tó wù ú. Ẹ tún list yẹn wò dáadáa. Ẹ ò rí health níbẹ̀, àbí? Ìpínlẹ̀ ò fi dandan lé health mọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ district ṣì ń sọ pé kò sọ́mọ wọn tó máa jáde láìṣe é. Òfin district nìyẹn, district ló lè bá yín sọ̀rọ̀ lé e. Ilé ìwé míì náà á ní kíláàsì kan tí wọ́n máa ń kó gbogbo ọmọ grade 9 sí, bóyá ti bí wọ́n ṣe ń kàwé tàbí ti bí wọ́n ṣe ń múra sílẹ̀ fún yunifásítì. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ rárá, ọ̀gá ilé ìwé lè fọwọ́ sí i pé kọ́mọ yín má ṣe é, tẹ́ ẹ bá ní ìdí tó dáa.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí ò kíyè sí. Òfin Texas sọ pé kọ́mọ ní kírẹ́dítì PE kó tó jáde, kò sọ pé grade 9 ni kó ti ní in. Ọdún mẹ́rin ló wà níwájú ẹ̀. Nítorí náà, nígbà míì kẹ́ ẹ kàn ní kí wọ́n sún kíláàsì síwájú ti tó, kò sídìí láti máa wá bẹ́ ẹ ṣe máa yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìyẹn. Ó rọrùn jù, wọn ò sì ní wò yín bí ẹni tó wá bá wọn jà.

Ìkejì: ẹ mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ fẹ́ gbà

Tó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ ló ní dandan ni, counselor (ẹni tó ń bá ọmọ to kíláàsì ẹ̀ ní ilé ìwé) ò láṣẹ láti ní "ó ti dáa, kó máa lọ." Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ fi nǹkan míì tí òfin fọwọ́ sí dípò. Kọ́mọ ṣe ìdánwò kó yege, tàbí kó ṣe iṣẹ́ míì tí wọ́n gbà dípò ẹ̀, tàbí kí àìlera ọmọ jẹ́ ìdí.

Ẹ̀yin tí ẹ̀sìn yín ló mú yín wá síbí, ẹ jẹ́ n tètè sọ tiyín. Texas Education Code apá 26.010 fún òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ ọmọ kúrò ní kíláàsì fúngbà díẹ̀ tí ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ wọn bá ta ko ẹ̀sìn tàbí ìwà tẹ́ ẹ gbà pé ó tọ́, ẹ kàn máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún tíṣà ni. Àmọ́ òfin kan náà ló sọ pé ẹ ò lè fi ìyẹn sá fún ìdánwò, ẹ ò sì lè fi yọ ọmọ nínú iṣẹ́ náà fún odindi semester. Tó bá sì jẹ́ ti ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀, Texas ò ní kọ́ ọmọ yín láìjẹ́ pé ẹ ti kọ́kọ́ fọwọ́ síwèé pé ẹ gbà. California ò rí bẹ́ẹ̀, láti 2016 tí California Healthy Youth Act ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́ ọmọ yín àfi tẹ́ ẹ bá kọ̀wé pé ẹ ò fẹ́, apá yẹn nìkan lẹ sì lè yọ ọ́ kúrò, health yòókù ó máa ṣe é. Torí náà ẹ má dákẹ́ kẹ́ ẹ máa retí pé wọ́n á bi yín.

Ìkẹta: ìdánwò, tí wọ́n ń pè ní credit by exam

Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ jù, torí òfin ló gbé e lé district lọ́wọ́. Wọn ò lè ní àwọn ò ṣe é. Ọmọ tí ò tíì kọ́ iṣẹ́ náà rí, tó bá jókòó sí ìdánwò yẹn tó gba 80 nínú 100, kírẹ́dítì ti di tiẹ̀, kò ní jókòó sí kíláàsì yẹn mọ́. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe STAAR (ìdánwò ìpínlẹ̀) fún lópin ọdún, bí Algebra I tàbí Biology, 80 yẹn ti yọ ọ́ nínú STAAR iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ọmọ tó bá ti kọ́ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, bóyá ó ṣe é tí ò yege, 70 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ tiẹ̀, àmọ́ district ló máa sọ ẹni tó wà lábẹ́ ìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ wá láti Naija, ẹ di ìwé èsì JSS àti SS ẹ̀ mú, tó ní stamp ilé ìwé lórí, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá wọ́n máa ka ohun tó kọ́ ní Naija sí i, torí ìyàtọ̀ 70 sí 80 kì í ṣe kékeré.

Owó ńkọ́? District ò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lórí ìdánwò tiwọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ òmíì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń lò, ẹ lè ra ti Texas Tech tàbí ti University of Texas ní Austin, ìyẹn lẹ máa sanwó ẹ̀ fúnra yín. Lójú tèmi ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí tí wọ́n ń lò, torí ọ̀pọ̀ district, ti Texas Tech tàbí ti UT yẹn náà ni wọ́n ń gbé fọ́mọ ṣe, kí lẹ wá ń sanwó fún.

Iṣẹ́ tó jẹ́ kírẹ́dítì 1 odindi, apá méjì ni wọ́n máa ń pín in sí, A àti B, ìdánwò apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ààbọ̀ kírẹ́dítì. Ọmọ lè ṣe A ní oṣù kan kó ṣe B ní òmíì. Àwọn Texas Tech máa ń gbé review sheet sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ìdánwò wọn, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti pinnu. Ohun tó wà nínú ẹ̀ gan-an ni kọ́mọ fi máa kàwé, ẹ má ra ìwé gọbọi kan tí ò bá a mu.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àkókò yìí dáadáa torí ibí ló ti ń bà jẹ́ fún èèyàn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni district gbọ́dọ̀ ṣí ìdánwò yìí, ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ tipẹ́ kó tó kan ọjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọmọ lè ṣe ìdánwò iṣẹ́ kan. Tọ́dún tó yẹ kó jókòó sí kíláàsì yẹn bá sì wọlé tí ò tíì yege, ó di dandan kó lọ jókòó síbẹ̀. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tó bá jẹ́ grade 9 ni wọ́n ń ṣe é, August tó máa wọ grade 9 ni ọjọ́ tó kẹ́yìn, kì í ṣe December. Ẹ jẹ́ kó ṣe ti àkọ́kọ́ ní ìgbà tí April sí June bá ṣí, tí ò bá gbà á, ó ṣì ní July. Ẹni tó dúró di July kó tó ṣe àkọ́kọ́, àǹfààní kan ló kù fún un.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ka òfin district yín fúnra yín, ẹ kọ orúkọ district yẹn sí Google kẹ́ ẹ fi EHDC tẹ̀ lé e. EHDC ni ìlànà ìdánwò ọmọ tí ò tíì kọ́ iṣẹ́ náà, EHDB ni ti ẹni tó ti kọ́ ọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kẹ́ ẹ fa ìlà sábẹ́ ibi tó kàn yín, kẹ́ ẹ mú un dání lọ bá counselor. Wọ́n máa ń fọwọ́ gidi mú òbí tó bá mú ìlànà tiwọn fúnra wọn dání.

Ohun méjì kẹ́ ẹ tó ṣe é. Máàkì tọ́mọ bá gbà máa wọ transcript ẹ̀ (ìwé tí gbogbo máàkì ẹ̀ wà) bó ṣe wà yẹn, ẹ béèrè bóyá district yín máa ń kà á mọ́ GPA (ìpíndọ́gba máàkì ọmọ). Ní Texas ipò ọmọ nínú kíláàsì ń ṣiṣẹ́ gan-an, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1997 ló ń mú kí yunifásítì ìjọba gba ọmọ tó bá wà nínú 10% àkọ́kọ́, UT Austin tiẹ̀ ti sọ tiẹ̀ di 5% fún àwọn tó ń wọlé ní 2026. Ọmọ tó máa gba 97 ní kíláàsì tó wá lọ gba 81 nínú ìdánwò, ṣé ẹ ti ṣe é lóore? Ẹ ro ó. Ìkejì, èmi ò fara mọ́ kẹ́ ẹ fi ìdánwò fo Algebra I tí kì í bá ṣe pé ọmọ yẹn mọ ìṣirò dénú. Geometry, Algebra II, physics, gbogbo wọn ló gùn ún lórí. Health, speech, èdè, àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ fi ìdánwò gbà. Algebra, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yá, ọmọ lè ṣe é ní kíláàsì ní grade 8, kírẹ́dítì high school náà ni.

Ìkẹrin: èdè, ibi tí Yorùbá ti máa ṣe wá lóore

Òfin Texas ò dárúkọ Spanish. Kírẹ́dítì 2 nínú èdè kan náà ni wọ́n ń wí, Spanish àti French kàn ni ohun tí ilé ìwé ní tíṣà fún. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá nílé, kí ló dé tó máa lọ fi ọdún méjì kọ́ "hola" kó tó ní kírẹ́dítì èdè, nígbà tó ti ní èdè kan?

Ìdánwò tó wà fún èyí, àwọn tí mo mọ̀ ni Avant STAMP àti ACTFL OPI. STAMP ti Yorùbá, kíkọ àti sísọ ni, orí kọ̀ǹpútà lọmọ ti máa ṣe é. OPI, ẹnu nìkan ni, wọ́n á bá ọmọ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa bi counselor ni pé èwo nínú wọn ni district gbà, ṣé Yorùbá wà nínú list wọn, level wo ni wọ́n ń fún ní kírẹ́dítì mélòó. Washington State ní ìlànà tó mọ́lẹ̀ kedere lórí ẹ̀: Novice Mid jẹ́ kírẹ́dítì 1, Novice High 2, Intermediate Low 3, Intermediate Mid 4 (Novice ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè, Intermediate ni ẹni tó ti gòkè díẹ̀). Ẹ lè fi han counselor tó bá ń sọ pé òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, kó mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é níbòmíì.

Ẹ má ro pé torí ọmọ ń gbọ́ "wá jẹun" ó ti yege o. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa níbí ló ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ tí wọ́n sì ń fi òyìnbó dáhùn. Ẹ bi í pé kí ló ṣe lánàá, á ní "mo lọ sí school, mo wá sílé," ó tán. Gbólóhùn kéékèèké bẹ́ẹ̀ á gbé e dé ìsàlẹ̀ Intermediate, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gòkè, ó gbọ́dọ̀ lè so ọ̀rọ̀ pọ̀: kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, kí ló wá tẹ̀ lé e, kí ló fà á, kí ló rò nípa ẹ̀. Ẹ ní kó máa bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ní ìrọ̀lẹ́, kí màmá ní kó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gbá basketball, kó sì jẹ́ pé òyìnbó ò wọ ibẹ̀ rárá. Kíkọ náà ńkọ́? Ibẹ̀ ló máa ń le. Ọmọ tí ò kọ Yorùbá rí á kọ "mo fe je" láìsí àmì kankan. Ẹ fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí fóònù ẹ̀, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ, ọ, ṣ, kó sì máa kọ ìpínrọ̀ kan lójoojúmọ́ fún yín, àwọn àmì ohùn á máa dé díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, pé Spanish wúlò ní ọsibítù ní Texas. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ní kọ́mọ má kọ́ Spanish. Kó fi Yorùbá gba kírẹ́dítì tó di dandan, kó wá kọ́ Spanish torí pé ó wù ú, nígbà tí àyè bá wà. Ẹ sì wo yunifásítì tẹ́ ẹ ń fojú sọ́nà fún: University of California ń béèrè ọdún méjì èdè, àwọn míì ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ̀wé bi wọ́n bóyá wọ́n gba ìdánwò dípò kíláàsì.

Ní Texas, ọmọ tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà tún lè fi kírẹ́dítì 2 nínú computer programming dípò èdè.

Ìkarùn-ún: PE

Èyí ò gùn. Texas gbà kí athletics, JROTC (ẹ̀kọ́ ológun fún ọmọ ilé ìwé), drill team, cheerleading tàbí marching band dúró fún PE. Ọmọ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù ilé ìwé tàbí tó ń fun fèrè nínú band, ẹ kàn rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bíi PE, ẹ má gbà pé wọ́n á rántí fúnra wọn. Èyí tó ń ṣe níta náà, bíi gymnastics tàbí wíwẹ̀ lódò, lè wọlé tí district bá gba ilé iṣẹ́ náà, ó kéré tán wákàtí márùn-ún lọ́sẹ̀. Ní Florida, sáà méjì gbáko nínú bọ́ọ̀lù tàbí eré ìdárayá míì tó bá ilé ìwé míì díje ti tó fún PE wọn.

Ọmọ tó ní àìlera, sickle cell, asthma tó le, ọ̀rọ̀ eegun, ẹ má jẹ́ kó máa jìyà lórí pápá nínú oòrùn Houston. Texas gbà kó fi iṣẹ́ inú kíláàsì míì dípò PE. Ìgbìmọ̀ ARD ló ń pinnu ti ọmọ tó wà ní special education, ìgbìmọ̀ 504 ló ń pinnu ti ẹni tó ní 504 (ètò tó ń ran ọmọ tó ní àìlera lọ́wọ́ ní ilé ìwé), tí kò bá sí nínú méjèèjì district ní láti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀. Lẹ́tà dókítà lẹ máa mú lọ, kí dókítà kọ ohun tọ́mọ ò lè ṣe sí i ní kedere, "kò lè sáré nínú ooru, ó gbọ́dọ̀ máa mu omi léraléra," kó má kàn kọ orúkọ àìsàn sílẹ̀. Àwa kan máa ń fi sickle cell pa mọ́ nítorí ojú ayé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún ilé ìwé, ẹ̀mí ọmọ ni.

Ìkẹfà: ẹ kọ̀wé, ẹ má kàn sọ ọ́ lẹ́nu

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ wa ni pé ohun tí tíṣà bá sọ labẹ́ gé, ká máa bi wọ́n ní ìbéèrè dà bí àfojúdi. Níbí, ara iṣẹ́ counselor ni kẹ́ ẹ bi í. Ẹ fi ìmeèlì ránṣẹ́ ní January tàbí February, ìlà mẹ́fà méje ti tó: orúkọ ọmọ àti nọ́ńbà ẹ̀, kíláàsì tẹ́ ẹ ń sọ, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an, ìlànà tó fọwọ́ sí i, kíláàsì tẹ́ ẹ fẹ́ fi rọ́pò, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fẹ́ gbọ́ èsì. Ẹ má gbàgbé ti kíláàsì tó máa rọ́pò yẹn. Àyè tó ṣófo nínú timetable ọmọ, ilé ìwé á wá nǹkan fi dí i, ẹ lè dé ibẹ̀ ní August kẹ́ ẹ rí i pé ọmọ ń to ìwé ní ọ́fíìsì fún wákàtí kan lójoojúmọ́.

Tí counselor bá pè yín lórí fóònù tó ní "no problem," ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ wá kọ ìmeèlì kúkúrú lọ́jọ́ yẹn náà pé báyìí báyìí la jọ sọ. Counselor lè kúrò níbẹ̀ nígbà holiday, ẹni tuntun ò mọ nǹkan kan.

Kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ bi ọmọ o. Ọmọ tí gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ̀ wà ní kíláàsì health yẹn, tó ń wá ibi tó máa ti rí ojúlùmọ̀ ní ilé ìwé tuntun, ó lè fẹ́ jókòó síbẹ̀. Ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀.

Ìkeje: tí wọ́n bá ní rárá

Ẹ má bínú, ẹ má sì pariwo ní front office. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀ àti ìlànà tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀. Àìmọ̀ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ "rárá," counselor míì ò ṣe Yorùbá fún ọmọ kankan rí. Ẹ gòkè lọ bá assistant principal, lẹ́yìn náà principal, lẹ́yìn náà ọ́fíìsì district tó ń rí sí ìdánwò, ọ́fíìsì yẹn gan-an ló sábà máa ń mọ̀ jù. Tó bá di pé wọ́n ń fi ẹ̀tọ́ tó wà nínú òfin dù yín, gbogbo district Texas ló ní ìlànà bí òbí ṣe ń fẹjọ́ sùn, FNG lẹ máa wá lórí website wọn. Ẹ tètè wo iye ọjọ́ tó fún yín, kó má bàa kọjá.

Ìkẹjọ: ẹ yẹ transcript wò

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ bá ti yọrí, tó máa fi di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìwọlé, ẹ wọ portal ilé ìwé kẹ́ ẹ wo nǹkan méjì: ṣé kírẹ́dítì náà ti wọ transcript, ṣé wọ́n ti yọ kíláàsì náà kúrò nínú timetable ọmọ. Máàkì lè ti dé ọ́fíìsì ìdánwò kó má tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú transcript, ọmọ á sì tún bá ara ẹ̀ ní kíláàsì tó ti yege. Tẹ́ ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ fi ìwé èsì ìdánwò ránṣẹ́ sí counselor àti registrar pa pọ̀, torí ọjọ́ tí wọ́n fi ń pààrọ̀ kíláàsì lẹ́yìn ìwọlé ò ju bí ọ̀sẹ̀ kan méjì lọ níbi púpọ̀.